Owó Ìyá Kì Í Ṣe Owó Ilé: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Tí Iyè Àgbàlagbà Wọn Ti Ń Rà

Àbúrò ìyá mi tó ń ta epo pupa ní Ọjà Ọba la kọ́kọ́ fura sí. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló san owó kẹ́ẹ̀gì kan náà fún àwọn tó ń gbé epo wá fún un láti oko láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tá a bi í, ó ní òun ò tí ì san kọ́bọ̀. A rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Ilé tí irú rẹ̀ bá ti ń ṣẹlẹ̀ la kọ ìwé yìí fún, ì báà jẹ́ ogbó ló fà á, tàbí rọpárọsẹ̀, tàbí àrùn ọpọlọ, tàbí pé láti kékeré ni òye ẹni náà kò ti tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọsibítù ni àkọ́kọ́

Ẹ má tí ì fọwọ́ kan owó. Ibà, àìmu omi tó, àkóràn ilé ìtọ̀, àní oògùn tó pọ̀ jù, lè mú kí àgbàlagbà máa sọ ìsọkúsọ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ojú rẹ̀ sì tún wálẹ̀. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti pín kọ́kọ́rọ́ yàrá Bàbá mọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹrin Bàbá jí, ó ní ẹ̀kọ òun dà. Ní Òṣogbo, ẹ lè gbé e lọ sí Asúbíaró tàbí ọsibítù UNIOSUN. Ẹ ní kí dókítà kọ ohun tó bá rí sílẹ̀, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ìwé yẹn ni wọ́n máa bi yín.

Iyè kì í tán lẹ́ẹ̀kan náà

Ẹni tí kò lè ṣírò owó kòkó mọ́ ṣì lè mọ iye tó yẹ kí òun fi ra àkàrà. Ẹ fi ẹgbẹ̀rún kan tàbí méjì sí i lọ́wọ́, kó máa ná an, kó máa fún ọmọ-ọmọ. Bó bá sọ ọ́ nù, ó sọ ọ́ nù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ńlá, bíi ká ta ilẹ̀ tàbí ká yá owó, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ bá a sọ ọ́, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, nítorí ìrọ̀lẹ́ a máa da ọ̀pọ̀ nínú wọn láàmú.

Ìwé aṣojú àti báǹkì

Bí òye àgbàlagbà náà bá ṣì wà, kí ó fẹnu ara rẹ̀ yan ẹni tó fẹ́ kó ṣojú òun, kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìwé aṣojú lásán, èyí tí lọ́yà ń pè ní power of attorney, kì í sábà ṣiṣẹ́ mọ́ bí òye ẹni tó fọwọ́ sí i bá ti lọ. Àwọn ọmọ tó wà ní London á ní lọ́dọ̀ tiwọn, irú kan wà tó ń bá a lọ. Òótọ́ ni, òfin wọn ti ọdún 2005 ló fàyè gbà á. Kò kan báǹkì Òṣogbo. Níbí, ilé ẹjọ́ gíga ló lè yan alámòójútó, ó sì ń gba àkókò àti owó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé kẹ́ ẹ tètè jókòó tì í, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tó ní: oko, ìwé ilẹ̀, àjọ, owó tó wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ lówó.

Orúkọ tí wọ́n kọ sí next of kin ní báǹkì kò fún onítọ̀hún láṣẹ láti gba owó. Ní ti káàdì ATM, mo mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ kan ló wà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Báǹkì ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, bí owó bá sì sọnù, ẹjọ́ yín ò ní rọrùn rò.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ àgbàlagbà náà fúnra rẹ̀, tí ẹni tó rà á sì mọ̀ pé orí rẹ̀ kò pé, kóòtù lè tú títà náà ká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di àtàǹpàkò Bàbá mú tẹ ìwé kankan.

Ìwé owó

Ibí yìí ni ìjà ẹbí ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnì kan máa gba owó, kí ẹlòmíràn máa kọ ọ́. Ìwé ọmọ iléèwé kan tó. Bí ojú ewé kan ṣe rí nílé wa rèé:

Ọjọ́ Ajé. Mo gba ₦10,000. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ₦6,500. Ọ̀kadà lọ sí Asúbíaró, àlọ àtàbọ̀, ₦1,200. Ó ku ₦2,300, mo dá a padà sínú ike.

Bẹ́ ẹ bá yá nínú rẹ̀ láti fi ra ajílẹ̀, gbèsè ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, tó pa ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tì, ó yẹ kó gba nǹkan. Kí ẹbí fẹnu kò sí iye rẹ̀ ṣáájú, kó má di pé ó ń bù ú díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí kì í wá wẹ̀ ẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè owó.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù, ẹ ka ìwé náà sókè fún gbogbo ilé, níṣojú Ìyá fúnra rẹ̀, bó tiẹ̀ ń tòògbé.