Bó o ṣe lè tètè mọ ẹni tí ìwọ àti ará Ìbàdàn jọ mọ̀, kí ẹnu tó kó ẹ sí wàhálà

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe bá èmi. Mo wọ Micra ní Ìwó Road lọ́jọ́ kan, wọ́n kó wa mẹ́rin sẹ́yìn bí ìṣe wọn, mo wà lórí fóònù, mò ń ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ mi bí télọ̀ kan ṣe ba ìró àti bùbá mi jẹ́, mo ní obìnrin yẹn sísọ̀rọ̀ ló mọ̀, kò mọ aṣọ í rán. Bàbá tó jókòó tì mí rọra ní, "Ṣé èyí tó wà l'Ágbókòjò, tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí mọ́ṣáláṣí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní, "Àbúrò mi ni."

Ṣebí wọ́n ti ní Ìbàdàn lo mọ̀, o ò mọ Láyípo. Ìlú ńlá ni lóòótọ́, ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà nínú ẹ̀, 5 nígboro, 6 lẹ́yìn ìgboro, ṣùgbọ́n agboolé-agboolé làwọn onílé tò sí, wọ́n sì ti ń fẹ́ra wọn látọjọ́ pípẹ́, ẹni tó o rò pé o ò mọ̀ rí, àǹtí ẹ lè jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Torí náà kó o tó la ẹnu nípa ẹnikẹ́ni, wádìí.

Má wádìí bí ọlọ́pàá o. Kó o ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé èèyàn kó o ní "ta ni bàbá yín?", ìyẹn ti dìjà nìyẹn. Kí wọn dáadáa, kó o kọ́kọ́ sọ tìẹ: "Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lèmi o, ẹ̀yin ńkọ́ mà?" Tí wọ́n bá dárúkọ àdúgbò nìkan, bíi Foko tàbí Yemẹtu, kò tíì tó, agboolé tó wà ní àdúgbò kan pọ̀. Bi wọ́n léèrè ẹni tó jẹ́ mọ́gàjí wọn. Mọ́gàjí ni olórí agboolé, àtibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń gun òkè lọ títí dórí oyè Olúbàdàn, kò sí ọmọ ilé kankan tó dàgbà tí ò ní mọ tiẹ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò ìgbàlódé bíi Bódìjà lè má mọ̀ ọ́n rárá, ìyẹn ò burú, bi wọ́n ní oko. Wọ́n á rántí abúlé tí bàbá wọn máa ń kó wọn lọ nígbà Iléyá tàbí tí wọ́n bá fẹ́ sìnkú, bóyá ọ̀nà Lálúpon ni, bóyá Akanran, bóyá Omi-Àdìó. Oko ló máa ń tú àṣírí jù, torí abúlé kéré, tí ẹ bá jọ ní oko kan náà, ẹ ti mọ èèyàn kan pọ̀ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ìyá àgbà ló gbọ́ orúkọ ẹ, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì ẹ́ ní ọmọ Oníkòyí, jọ̀ọ́ dákẹ́ kó kì ẹ́ tán, má sọ pé o ń kánjú. Orúkọ bàbá bàbá ẹ lè jáde níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni orúkọ. Èmi àti ẹnìkejì mi ní ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ obìnrin kan fún bí ọdún kan, a ò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Lọ́dọ̀ tèmi Ìyá Aláṣọ ni, torí ọjà Ọjẹ́ ló ti ń ta aṣọ òkè. Lọ́dọ̀ ẹnìkejì mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Mama Tope ni. Nílé ọkọ ẹ̀ ẹ̀wẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tí mo sọ pé ó máa ń fọwọ́ bo ẹnu tó bá ń rẹ́rìn-ín, ni ẹnìkejì mi bá pariwo. Nítorí náà má gbára lé orúkọ, sọ bí ẹni náà ṣe ń rìn, sọ ohun tó ń tà, sọ ọmọ tó bí. Tàbí kó o ṣí fọ́tò pátì lórí fóònù ẹ, ẹ fẹ̀ ẹ́ dáadáa, "ta lẹni tó wé gèlè pupa yìí?" Láàárín ogún èèyàn tó wọ aṣọ ẹbí, ó ṣòro kẹ́ ẹ má rí ẹnì kan.

Tẹ́ ẹ bá ti wá rí i, rọra o. Pé wọ́n mọra ò ní kí wọ́n máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lè wà láàárín wọn, ọ̀rọ̀ orogún lè wà níbẹ̀, gbèsè ńkọ́? Dárúkọ ẹni náà, kó o wo ojú wọn. Tójú bá tú ká, pe ẹni náà lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, kó o ní "ẹ gbóhùn ẹnì kan". Tójú bá rorò, yáa béèrè bí ọjà ṣe rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fẹ́ra, ẹ má dúró dìgbà tí àwọn òbí bá fẹ́ mọra wọn. Láyé àtijọ́ alárinà ló máa ń ṣe ìwádìí yìí, ní báyìí ẹ̀yin náà lalárinà ara yín. Ẹ béèrè agboolé ìyá ìyá ara yín lóṣù àkọ́kọ́, torí ẹ̀gbẹ́ ìyá làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì máa ń bá a tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan ni yín.

Bàbá inú Micra yẹn? Ó sanwó ọkọ̀ mi kó tó bọ́ sílẹ̀ ní Gate. Ó ní kí n kí àbúrò òun tí n bá lọ gba aṣọ mi, pé òun á ti pè é kí n tó débẹ̀.