Bí omi hítà ilé bá ń jò: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Nígbà òtútù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi nílẹ̀ kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún onílé pé hítà ń jò. Abẹ́rẹ́ géèjì, ohun tó ń wọn agbára tí omi fi ń ti páìpù, tó wà níwájú bọ́ílà (ẹ̀rọ tó ń mú omi hítà gbóná) ni. Bí hítà bá tutù, ó yẹ kí abẹ́rẹ́ yẹn dúró láàárín 1 sí 1.5 bar (bar ni wọ́n fi ń ka agbára omi yìí), bó bá gbóná, ó lè sún mọ́ 2. Bó bá ti já wálẹ̀ tó 0.5, ọ̀pọ̀ bọ́ílà kò ní tàn mọ́. Ohun tí onílé bá ṣe ní wákàtí yẹn ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ wákàtí kan ni yóò jẹ́ tàbí iṣẹ́ tí yóò tú gbogbo ilé.

Ẹ má sọ bíbu omi kún un di àṣà

Filling loop ni wọ́n ń pe okùn onírin kékeré tó wà lábẹ́ bọ́ílà, èyí tó ń fa omi ìlú wọ inú hítà. Ẹ yí fáàfù rẹ̀, abẹ́rẹ́ gòkè, ilé gbóná, ọ̀rọ̀ parí. Nítorí pé ó rọrùn báyìí ni àwọn ènìyàn ṣe ń ṣe é ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún odidi ọdún. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi ni, apẹ̀rẹ̀ náà sì ń jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Omi tó ti pẹ́ nínú hítà ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú ọ́síjìn rẹ̀. Omi tuntun gbé ọ́síjìn wọlé, ó ń mú kí irin rédíétọ̀ (pẹpẹ irin ara ògiri tó ń mú iyàrá gbóná) dípẹtà láti inú, ìpẹtà náà yóò sì di ẹrẹ̀ dúdú tó ń dí páìpù. Ó tún ń ṣan oògùn adènà ìpẹtà tó wà nínú hítà di yẹ́pẹ́rẹ́. Ní London, níbi tí ẹfun ti pọ̀ nínú omi, ẹ tún ń kó ẹfun kún un. Bí ihò kékeré kan ṣe ń bí ihò mẹ́ta mìíràn nìyẹn.

Kí ẹ bu omi kún un lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún kò burú. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ọjọ́ àti iye tí géèjì sọ ní àárọ̀, kí hítà tó tàn. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ márùn-ún ṣe plọ́ńbà láǹfààní ju àlàyé wákàtí kan lọ.

Àwọn kan gbọ́n jù: wọ́n á fi fáàfù yẹn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀ kí géèjì má bàa já mọ́. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Géèjì kò ní sọ òótọ́ mọ́, omi tó ń jò kò sì ní dúró títí àjà yóò fi wó. Tí ẹ bá ti bu omi tán, ẹ pa fáàfù náà dáadáa, kí ẹ sì tú okùn rẹ̀ kúrò bó bá jẹ́ irú èyí tó ṣe é tú.

Ẹ má wá ojú ihò kí ẹ tó mọ apá tó ń jò

Ibi mẹ́ta ni omi lè gbà lọ: páìpù àti rédíétọ̀, inú bọ́ílà fúnra rẹ̀, tàbí páìpù ìtúsílẹ̀ tó yọ síta lára ògiri. Ẹ̀kẹta yìí ló ń tan ènìyàn jù. Wọ́n á tú pákó ilẹ̀ gbogbo ilé, wọn ò ní rí ẹ̀kán omi kan, nítorí pé ìta ni omi ń dà sí.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Omi tó bá gbóná láti 10°C dé 80°C yóò wú ní nǹkan bíi 3 nínú 100. Hítà tó gba lítà 100 yóò máa wá àyè fún lítà mẹ́ta. Expansion vessel ló ń fún un ní àyè: ìkòkò irin tí rọ́bà pín sí méjì, omi lápá kan, atẹ́gùn lápá kejì. Bí atẹ́gùn bá ti sá, àyè tán. Géèjì yóò ti 1.2 sáré dé 3 bí hítà bá ti ń gbóná, fáàfù ààbò yóò ṣí ní 3 bar kó tú omi síta, bí hítà bá sì tutù, géèjì á já sí òdo tàbí sún mọ́ ọn. Ẹni tí kò wo géèjì nígbà tí hítà gbóná, tó jẹ́ àárọ̀ nìkan ló ń wò ó, yóò búra pé páìpù ló ń jò.

Láti mọ̀ dájú, ẹ wá páìpù bàbà 15 mm tó yọ síta lára ògiri ẹ̀yìn bọ́ílà, tó sábà máa ń tẹ orí padà sí ara ògiri. Ẹ so ọ̀rá mọ́ ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà, kí hítà ṣiṣẹ́ ní alẹ́ kan. Bí omi bá wà nínú ọ̀rá láàárọ̀, ẹ ti rí i. Ẹ má ṣì í mú fún páìpù oníke tó ń kán nígbà tí bọ́ílà ń jó: omi inú èéfín nìyẹn, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àyàfi tó bá ń kán nígbà tí bọ́ílà ti kú fún wákàtí púpọ̀. Nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yà tí iná ti ń mú omi gbóná nínú bọ́ílà ti là.

Àwọn tó ń fún ìkòkò yìí ní atẹ́gùn fúnra wọn tún ní àṣìṣe tiwọn: wọ́n ń fi pọ́ǹpù fún un nígbà tí omi ṣì ń tì í láti apá kejì. Iye tí wọ́n ń kà kì í ṣe òótọ́. Hítà gbọ́dọ̀ tutù, kí géèjì wà ní òdo, kí ojú ibi tí a ti ń da omi hítà jáde ṣì wà ní ṣíṣí, kí ẹ tó fún un dé iye tó wà lára ìkòkò, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 0.75 sí 1 bar. Bí ẹ bá tẹ ẹnu fáàfù rẹ̀, tó dà bíi ti táyà, tí omi bá tú jáde dípò atẹ́gùn, rọ́bà inú rẹ̀ ti ya. Ẹ pààrọ̀ ìkòkò náà. Ẹ pààrọ̀ fáàfù ààbò pẹ̀lú, torí èyí tó bá ti ń ṣí léraléra, ìdọ̀tí kì í sábà jẹ́ kó padé dáadáa mọ́.

Bí ọ̀rá bá gbẹ, ẹ ya bọ́ílà kúrò lára ilé. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gbé géèjì dé 1.5, kí ẹ pa iná rẹ̀, kí ẹ sì ti fáàfù méjèèjì tó wà lórí páìpù ìlọ àti páìpù àbọ̀ lábẹ́ bọ́ílà. Ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Bí géèjì bá já, bọ́ílà ló ń jò. Bí kò bá já, àmọ́ tó já lẹ́yìn tí ẹ ṣí wọn, páìpù ilé ni. Ẹ má gbàgbé láti ṣí wọn kí ẹ tó tan bọ́ílà. Bí fáàfù bá le, ẹ má fi agbára yí i. Èyí tó ti gbó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti ọrùn, ìṣòro ti di méjì.

Ilé àtijọ́ kan kò ní géèjì rárá, táńkì kékeré lókè àjà ló ń bọ́ hítà wọn. Níbẹ̀, bọ́ọ̀lù inú táńkì ń bu omi kún un láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi okùn so bọ́ọ̀lù náà sókè, kí ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí omi dé nígbà tí hítà tutù, kí ẹ padà wò ó láàárọ̀.

Ẹ má wá a nígbà tí hítà gbóná

Páìpù gbígbóná ń gbẹ ẹ̀kán omi kó tó kan ilẹ̀. Àárọ̀ tútù ni kí ẹ wá a. Ibi pẹlẹbẹ la sì ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú rí, ìyẹn fáàfù méjèèjì lára rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú ìtú-atẹ́gùn, irin ìsátáwẹ́ẹ̀lì nílé ìwẹ̀, pọ́ǹpù. Ẹ fi bébà ìnùdí gbígbẹ wé nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30. Àwọ̀ ewé lára bàbà, èèpá funfun lára nọ́ọ̀tì, àbàwọ́n pupa rúsúrúsú lórí kápẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀.

Àjà tó tutù lábẹ́ ilé ìwẹ̀ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹ̀bi hítà. Ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ omi, kí ẹ wo mítà omi. Bó bá ń yí, omi ìlú ló ń jò. Bí mítà bá dúró tí géèjì ń já, hítà ni. Bí méjèèjì bá dúró, tí àbàwọ́n sì ń tóbi lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ wo etí ọpọ́n ìwẹ̀ àti páìpù omi ẹ̀gbin.

Kí ẹ tó tú pákó kan, ẹ bi ara yín léèrè: kí la ṣe sí ilẹ̀ yìí láìpẹ́? Ìṣó tí wọ́n fi kan kápẹ́ẹ̀tì lè gún páìpù kó sì dí ihò tó lu náà fún oṣù púpọ̀, títí ìpẹtà yóò fi jẹ ẹ́.

Bí páìpù bá wà nínú kọnkéré, ẹ má fi òòlù wá a. Kámẹ́rà tó ń rí ooru lè fi ojú ọ̀nà páìpù hàn. Àwọn oníṣẹ́ tún máa ń fi gáàsì tí 5% rẹ̀ jẹ́ háídírójìn, tí 95% jẹ́ náítírójìn, sínú páìpù, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ gbóòórùn rẹ̀ lójú ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìnṣọ́ránsì ilé yín bóyá “trace and access” wà níbẹ̀: èyí sábà máa ń san owó wíwá ihò àti títún ilẹ̀ ṣe, kì í sábà san owó páìpù náà. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà kí ẹ tó fọ́ ohunkóhun, kí ẹ sì ya fọ́tò.

Ẹ má de nọ́ọ̀tì pa

Fáàfù rédíétọ̀ tó ń kán láti ọrùn ọ̀pá rẹ̀ kì í fẹ́ ju ìdá mẹ́rin ìyípo lọ lórí nọ́ọ̀tì kékeré tó yí ọ̀pá náà ká. Bí kò bá dákẹ́, ẹ ti fáàfù náà, ẹ tú nọ́ọ̀tì yẹn, kí ẹ wé tẹ́ẹ̀pù PTFE (tẹ́ẹ̀pù funfun tí plọ́ńbà fi ń dí omi) mọ́ ọ̀pá rẹ̀, kí ẹ dè é padà. Ní ojú ìsopọ̀ tó ní òrùka bàbà nínú, sípánà méjì ni kí ẹ lò, ọ̀kan láti di ara ìsopọ̀ mú, ọ̀kan láti yí nọ́ọ̀tì. Sípánà kan ṣoṣo ń lọ́ páìpù lọ́rùn. Bó bá jẹ́ tuntun lẹ ń so, ẹ fọwọ́ dè é dópin, kí ẹ fi sípánà kún un ní ìyípo kan. Tẹ́ẹ̀pù tí ẹ bá wé mọ́ ojú eyín síkúrúù ibẹ̀ kò dí nǹkan kan, òrùka ló ń dí omi.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ rédíétọ̀, ẹ ka iye ìyípo tí ẹ fi ti fáàfù tó wà ní òdì-kejì èyí tó ní nọ́ńbà, kí ẹ lè dá a padà síbi tó wà. Fáàfù tó ní nọ́ńbà lórí ló ń dalẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣí fúnra wọn bí iyàrá bá tutù gan-an, kódà bí ẹ bá yí i dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ yọ orí rẹ̀, kí ẹ fi ìdérí tó ń tẹ ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ gbé àwo àti aṣọ ìnulẹ̀ gbígbòòrò sílẹ̀, torí omi yẹn dúdú bí yíǹkì, kì í fọ̀ kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì. Rédíétọ̀ tí ara rẹ̀ bá ti lu, ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí i. Inú rẹ̀ ti jẹrà; ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Oògùn adíhò inú ìgò ńkọ́? Ó lè ṣiṣẹ́ fún ihò tó kàn ń tutù díẹ̀ tí ọwọ́ kò lè dé. Kò lè wo fáàfù ààbò sàn, kò lè fún expansion vessel ní atẹ́gùn, ó sì lè dí àwọn ojú ọ̀nà tóóró inú bọ́ílà. Ẹ ka ìwé bọ́ílà yín kí ẹ tó dà á sí i.

Ẹ má ṣí ìdérí bọ́ílà onígáàsì. Òfin ti fi iṣẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí orúkọ wọn wà nínú Gas Safe Register, ìwé orúkọ àwọn oníṣẹ́ gáàsì tí a fọwọ́ sí. Ẹ bèèrè káàdì wọn, kí ẹ yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí a kọ irú iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe sí. Kò yẹ kí ayálégbé ní England fi owó ara rẹ̀ tún hítà ṣe láì tíì kọ̀wé sí onílé: abala 11 òfin Landlord and Tenant Act 1985 gbé àtúnṣe hítà lé onílé lórí nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn ilé gbígbé.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ da ìgò oògùn adènà ìpẹtà sí i. 500 ml sábà máa ń tó ilé oní-rédíétọ̀ mẹ́wàá. Ẹ tú atẹ́gùn jáde láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ gbé géèjì padà sí 1.5. Ẹ tan hítà títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbóná, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún fi bébà gbígbẹ wé nọ́ọ̀tì tí ẹ fọwọ́ kàn. Ìsopọ̀ tó dákẹ́ nígbà tó gbóná lè bẹ̀rẹ̀ sí í kán nígbà tó bá tutù.