Kí ló dé tí òòfà oòrùn ò fi tó bí mo ṣe rò?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Wọ́n ní mass oòrùn, ìyẹn bí ohun tó wà nínú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, tó ìlọ́po 333,000 ti ayé, mo wá rò pé òòfà ẹ̀ náà, ìyẹn bó ṣe ń fa nǹkan mọ́ra lójú ẹ̀, á lágbára tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo wo ìdáhùn lẹ́yìn ìwé, ìlọ́po 28 péré ni wọ́n kọ. Ṣé ìwé ló ṣì í ni àbí èmi?

Ìdáhùn: Ìwé ò ṣì í jàre. Mass nìkan kọ́ ló ń sọ bí òòfà ṣe máa le tó níbi tó o dúró sí, bó o ṣe jìnnà sí àárín gbùngbùn ẹ̀ náà wà ńbẹ̀, o sì máa fi ìjìnnà yẹn lọ́po ara ẹ̀ kó o tó fi pín mass. Radius oòrùn, ìyẹn láti àárín ẹ̀ dé ojú ẹ̀, tó ìlọ́po 109 ti ayé. 109 lọ́nà 109 jẹ́ 11,881, fi pín 333,000 kó o wò ó, 28 ló máa bọ́ síta. Oòrùn wúwo lóòótọ́, àmọ́ gáàsì gbígbóná ni, ó kàn wú ni: tá a bá pín in dọ́gba, lítà kan lára ẹ̀ ò ju nǹkan bíi kílò 1.4 lọ, ti ayé wa yìí sì jẹ́ kílò 5.5.

Ìbéèrè: Ó ti yé mi. Àmọ́ òòfà ayé gan-an tí mo ṣírò, 2.45 ni kalikulétọ̀ ń gbé jáde dípò 9.8 (m/s², ìyẹn bí ohun tó ń já bọ́ ṣe ń yára sí i), mo tún un ṣe títí ó sú mi.

Ìdáhùn: 2.45 yẹn gan-an ló tú àṣírí ẹ. Ìdá kan nínú mẹ́rin 9.8 ni, ìyẹn ni pé dáyámítà lo fi sí i, 12,742, dípò radius tó jẹ́ 6,371. Dáyámítà ni wọ́n sábà máa ń kọ sínú tébù, ẹni tó bá ń kánjú ò ní fura. Tó bá sì jẹ́ pé mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lo rí, kìlómítà lo fi sílẹ̀ nìyẹn, sọ ọ́ di mítà.

Ìbéèrè: Òṣùpá ńkọ́? Mass ayé tó ìlọ́po 81 tiẹ̀, òòfà ẹ̀ ò ṣe wá kéré tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Torí pé ó kéré ni, radius ẹ̀ ò ju 1,737 kìlómítà lọ, o ti sún mọ́ àárín ẹ̀ dáadáa. 1.62 lo máa rí, ìdá kan nínú mẹ́fà ti ayé. Ẹni tí ìwọ̀n onísípíríǹgì bá kọ 72 fún níbí, 12 ló máa kọ fún un lọ́hùn-ún, kì í sì í ṣe pé ó rù o.

Ìbéèrè: Èyí tó kù ló ń dẹ́rù bà mí. Ó jáde pé oòrùn ń fa òṣùpá ju bí ayé ṣe ń fà á lọ, ó lé ní ìlọ́po méjì! Mo tún ti bà á jẹ́ àbí?

Ìdáhùn: Rárá o, o gbà á, 2.2 ni. Èyí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀. Oòrùn ò dá òṣùpá nìkan fà, ó ń fa ayé náà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì wá jọ ń yí i po. Ohun tó lè yà wọ́n ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín bó ṣe ń fa ọ̀kan àti bó ṣe ń fa èkejì, ìyẹn ò sì tó nǹkan, torí kí ni 384,400 kìlómítà tó wà láàárín ayé àti òṣùpá já mọ́ níwájú mílíọ̀nù 150 tó wà láàárín wa àti oòrùn? Ká ní òṣùpá jìnnà sí wa tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ kìlómítà ni, oòrùn á ti gbà á lọ́wọ́ wa. Fi 2.2 ẹ yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, má pa á rẹ́.