Igbá tí a ṣí ọmọrí rẹ̀ kí géèmù ayò wa tó wọ òkè òkun

Ó ti pé ọdún méjì tí èmi àti àbúrò mi ti ń ṣe géèmù ayò olópọ́n fún fóònù, nínú yàrá kan ní Kubwa, Àbújá níbí. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ta á lábẹ́ igi gan-an. Ẹni tó wà ní Gwarinpa lè bá ẹni tó wà ní London ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a fẹ́ gbé e jáde fún àwọn ará òkè òkun, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo fi dá wa dúró.

Fọ́ọ̀mù IARC ni, ìyẹn àjọṣe àwọn àjọ tó ń sọ ọjọ́ orí tó yẹ géèmù kọ̀ọ̀kan, inú Google Play ló sì wà. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ máa dáhùn ìbéèrè wọn, ìdáhùn kan náà ni wọ́n á sì fi mọ ọjọ́ orí ẹni tó lè ta géèmù yín níbi púpọ̀: ESRB fún Amẹ́ríkà, PEGI fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, USK fún Jámánì, ClassInd fún Brazil. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀? Èébú ńkọ́? Ọtí ńkọ́? Ṣé àwọn tó ń ta á lè kọ̀wé síra wọn?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Àwa tí a ń gbé òkè Ọya mọ èyí dáadáa. Fíìmù tí àjọ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní Àbújá, tó bá dé Kánò, àjọ tiwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001 ṣì ní tirẹ̀ láti sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há wa lọ́fun ni igbá. Àbúrò mi ya igbá kan sínú géèmù náà, ó fi ọ̀sẹ̀ kan fín in lára, ó sì fi ọmọrí dé e. Ẹni tó bá san ₦300 á tẹ̀ ẹ́, ọmọrí á rọra gbéra, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á mì lẹ́ẹ̀kan, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì yọ: ó lè jẹ́ ọpọ́n wúrà, ó lè jẹ́ ọmọ ayò pupa kan péré. Fọ́ọ̀mù wá béèrè bóyá ohun kan wà tí ènìyàn ń fi owó rà láìmọ ohun tó máa bá nínú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ní rárá,” àbúrò mi ní. “Tẹ́tẹ́ kọ́ lèyí. Igbá lásán ni.”

Mo kọ̀. Google lè yọ géèmù ẹni tó bá parọ́ nínú fọ́ọ̀mù náà kúrò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ti òfin àwọn orílẹ̀-èdè. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, àjọ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ti sọ ní 2018 pé irú àpótí àfowórà bẹ́ẹ̀ nínú àwọn géèmù kan, tí géèmù bọ́ọ̀lù FIFA 18 wà lára wọn, tẹ́tẹ́ tí kò ní ìwé àṣẹ ni. Ní Australia, láti September 22, 2024, géèmù tuntun tó bá ní i kò lè gba ohun tó kéré sí ìpele M, èyí tí wọn kò dámọ̀ràn fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Ní China, láti 2017 ni wọ́n ti ní kí iléeṣẹ́ máa sọ fún ènìyàn bí ó ṣe ṣeé ṣe tó láti rí ohun kọ̀ọ̀kan nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, òfin kọ́ ló yí mi lọ́kàn padà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ọmọ ọdún 10, wá bá wa dán géèmù náà wò lórí fóònù, owó ìdánwò ni a sì fi sí i. Ó ṣí igbá yẹn ní ìgbà 14 láìta ayò ẹyọ kan. Ní ìgbà kẹwàá, kò wo ohun tó jáde mọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí igbá kejì. Ayò ni mo fẹ́ kí ọmọ yẹn mọ̀. Mo fi hàn án bí a ṣe ń ka ọmọ ayò kí a tó gbé e, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí òun ṣí ẹyọ kan sí i.

Ni a bá ṣí ọmọrí kúrò. Ní báyìí, ẹ máa rí ohun tó wà nínú igbá àti iye rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ó dun àbúrò mi, mo mọ̀, nítorí ó ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ má lọ, a sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá jáwé olúborí.

China ni a fi sílẹ̀. Google Play kò sí níbẹ̀, géèmù òkèèrè kò sì lè dá wọlé: iléeṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ China gbọ́dọ̀ gbé e jáde, ìjọba wọn á sì fún un ní nọ́ńbà àṣẹ. Láti July 2021 di April 2022, wọn kò fún géèmù kankan ní nọ́ńbà yìí, kódà ti ọmọ ilẹ̀ wọn pàápàá. PUBG Mobile, géèmù ìbọn, kò rí àṣẹ tí á fi pawó níbẹ̀, iléeṣẹ́ Tencent tó ń gbé e jáde sì fi géèmù mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní May 2019: ẹni tí wọ́n bá pa nínú rẹ̀ á juwọ́ ó dàbọ̀, á sì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀, kó wá alájọṣe kó tó ya àwòrán kankan.

Nígbà tí a tún fọ́ọ̀mù kún, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí ìwé ẹ̀rí fi wọlé sínú ímeèlì wa. PEGI 3, ìyẹn ni pé láti ọmọ ọdún 3 lọ sókè ló yẹ fún. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn tó ń ta á lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, òótọ́ sì ni.

Àbúrò mi ti ní kí a fi ohùn sí i báyìí, kí òpè tí wọ́n bá fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ lè gbọ́ bí ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, ṣe ń pa á láṣà. Mo ní kó kọ́kọ́ wo ohun tí fọ́ọ̀mù máa béèrè. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi: ó ti wà lójú ìwé náà.