Kí owó ìpolówó yín má baà ṣòfò lórí Google: ohun tó yẹ kí oníṣòwò Àkúrẹ́ àti Oǹdó ṣe

Ẹ mú fóònù yín, kí ẹ tẹ "inverter Akure" sínú Google. Lókè, ẹ lè rí ìpolówó tí wọ́n kọ Sponsored sí lára. Lábẹ́ rẹ̀ ni máàpù sábà máa ń wà pẹ̀lú orúkọ ilé ìtajà bíi mẹ́ta, ìsàlẹ̀ máàpù sì ni àwọn wẹ́bùsáìtì. Ti òkè yẹn, owó ni wọ́n fi gbé e síbẹ̀, ọjọ́ tí owó bá tán ló ń kúrò. Ti máàpù, ọ̀fẹ́ ni. Ti wẹ́bùsáìtì, Google kì í gbowó rẹ̀, àmọ́ ó ń gba iṣẹ́ àti sùúrù.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń ti ibi tó ń gbowó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á san owó ìpolówó, oníbàárà á tẹ̀ ẹ́, á bá ojú ewé tí kò ṣí, tàbí nọ́ńbà tí kò lọ, tàbí máàpù tó gbé e lọ sí àdúgbò mìíràn. Google ti gbowó tirẹ̀ ná. Nítorí náà, ẹ tún máàpù ṣe, kí ẹ tún wẹ́bùsáìtì ṣe, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ìpolówó. Ilé ìtajà inverter àti bátìrì sólà kan ní Àkúrẹ́ la ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Iye owó tí a bá fi ṣe ìṣirò, àpẹẹrẹ náà ni. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Máàpù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

Google Business Profile ni wọ́n ń pè é. Gmail tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ni kí ẹ fi ṣí i, ẹ má lo ti ọmọ tó ń bá yín ṣe é. Ẹ̀yin ni kí ẹ jẹ́ Owner, kí òun jẹ́ Manager. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ tó bá ríṣẹ́ sí Èkó, tó mú páásíwọ́ọ̀dù lọ, ilé ìtajà yín lórí máàpù bá a lọ nìyẹn.

Orúkọ tó wà lórí pátákó ìta ni kí ẹ kọ. Àwọn kan máa ń kọ "Best Cheap Inverter in Akure" mọ́ orúkọ wọn kí wọ́n lè gòkè. Ó lòdì sí òfin Google, wọ́n sì lè torí rẹ̀ gbé ojú ewé náà kúrò. Category ni kí ẹ fara balẹ̀ yàn. Ẹ mú èyí tó ṣe pàtó jù, bíi Solar energy equipment supplier, torí Category àkọ́kọ́ ló ń jẹ́ kí Google mọ ìbéèrè tó yẹ kó torí rẹ̀ pe orúkọ yín.

Ti àdírẹ́sì le díẹ̀ nílùú wa. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní nọ́ńbà, àwọn mìíràn sì ní nọ́ńbà tí kò tẹ̀ léra. Ẹ lè tẹ àdírẹ́sì yín síbẹ̀ kí Google gbé àmì pupa rẹ̀ sí àárín títì Ọba Adéṣidá, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn Ọjà Ọba lẹ wà. Ẹ yí máàpù sí Satellite, ẹ fẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi rí páànù òrùlé yín, kí ẹ fi ọwọ́ fa àmì náà sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹlòmíràn fi fóònù tirẹ̀ tẹ Directions láti Alágbàká, kí ẹ wo ẹnu ọ̀nà tó máa gbé e dé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 10 ni, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ oníbàárà là lọ́wọ́ ìrìn òfo.

Láti mọ̀ pé òótọ́ ni ilé ìtajà wà, fídíò ni Google sábà ń béèrè báyìí. Ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan láìgé e: ojú pópó àti ohun tó wà nítòsí, pátákó pẹ̀lú orúkọ, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, kí ẹ fi ọjà inú hàn. Bí orúkọ orí pátákó àti èyí tí ẹ kọ síbẹ̀ kò bá bára mu, wọ́n lè má gbà á.

Ohun mẹ́ta ni Google sọ pé òun fi ń to orí máàpù: bí ọjà yín ṣe bá ìbéèrè mu, bí ẹ ṣe jìnnà sí ẹni tó ń wá a, àti bí òkìkí yín ṣe kàn tó. Ìjìnnà ni owó kò lè rà. Oǹdó fi ohun tó lé ní 40 kìlómítà jìnnà sí Àkúrẹ́, àwọn ti Oǹdó sì ni ará ibẹ̀ máa kọ́kọ́ rí. Ti òkìkí ni kí ẹ ṣiṣẹ́ lé. Bí oníbàárà bá ra ọjà, tí iná rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ fi líǹkì Reviews ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp lọ́jọ́ kejì kó kọ ohun tó rí. Ẹ má fi owó tàbí ẹ̀dínwó rà á, Google kò fàyè gbà á. Kí ẹ sì dá gbogbo wọn lóhùn, pàápàá ẹni tó bínú, torí èsì yẹn ni oníbàárà tuntun ń kà láti mọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́.

Oǹdó wo lẹ ń sọ?

Ìlú ni Oǹdó, orúkọ ìpínlẹ̀ ni, Ondo Road sì tún wà ní Àkúrẹ́. Ẹni tó tẹ "hotel in Ondo" lè máa lọ sí Oǹdó ìlú, ó sì lè jẹ́ pé Òkè Ìdánrè ló fẹ́ wá wò, tí Àkúrẹ́ sì sún mọ́ ọn jù. Google náà ń méfò ni. Ẹ má kọ "Ondo" nìkan sójú wẹ́bùsáìtì yín láé. Ẹ kọ "Ondo town", tàbí "Akure, Ondo State", kí ẹ fi ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ ní àdúgbò yín kún un.

Nínú ìpolówó, ọ̀rọ̀ yìí di ti owó. Bí ẹ bá yan Ondo láìwò ó dáadáa, ẹ lè ti yan odindi ìpínlẹ̀, láti Ìkàrẹ́ títí dé Ìgbókòdá létí omi, nígbà tí ọkọ̀ yín kì í kọjá Ọ̀wọ̀. Ẹ lo Radius: ẹ fi àmì sórí ilé ìtajà, kí ẹ yan kìlómítà 10 tàbí 15. Ìlú mìíràn tí ẹ bá ń gbé ọjà lọ, ẹ fi kún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn èèyàn kì í fi àmì ohùn sí i tí wọ́n bá ń wá nǹkan. "Akure" lásán ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ kọ Yorùbá yín pẹ̀lú àmì nínú àlàyé bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kí àkọlé ojú ewé rí bí oníbàárà ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Wẹ́bùsáìtì tí Google kò rí

Ẹ tẹ "site:" sínú Google, kí ẹ kọ orúkọ wẹ́bùsáìtì yín mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀. Bí nǹkan kan kò bá jáde, ó ṣeé ṣe kí Google má tíì gbà á wọlé. Bó bá jẹ́ WordPress ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ ṣí Reading, kí ẹ wo àpótí tí wọ́n kọ "Discourage search engines from indexing this site" sí. Ẹni tó kọ́ wẹ́bùsáìtì máa ń fi àmì síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, á sì gbàgbé láti yọ ọ́. Àmì kékeré yẹn tó láti fi gbogbo iṣẹ́ yín pamọ́. Ẹ so wẹ́bùsáìtì náà mọ́ Search Console, irinṣẹ́ Google fún ẹni tó ní wẹ́bùsáìtì, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ máa ka Performance níbẹ̀. Ó ń fi ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí yín hàn.

Fọ́tò tí ẹ fi fóònù yà lè tó 4MB. Bí 10 irú rẹ̀ bá wà lójú ewé kan, 40MB dátà ni oníbàárà máa jó kó tó mọ iye bátìrì. Kò ní dúró. Ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí píksẹ́lì 1,200, ẹ fi pamọ́ bíi WebP, irú fáìlì fọ́tò tó fúyẹ́, kó má ju 200KB lọ. Ẹ fi PageSpeed Insights, irinṣẹ́ Google tó ń wọn bí ojú ewé ṣe ń yára ṣí, yẹ̀ ẹ́ wò lápá Mobile: LCP, ìyẹn àsìkò tí ohun tó tóbi jù lójú ewé fi ń jáde, kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 lọ.

Kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: ti bátìrì lọ́tọ̀, ti àtúnṣe lọ́tọ̀. Ẹ kọ iye owó síbẹ̀. A mọ̀ pé ọjà kì í dúró lójú kan, àmọ́ ẹ lè kọ ọjọ́ tí iye náà máa ṣiṣẹ́ dé. Bí ẹ bá ń ṣe líǹkì WhatsApp, lẹ́yìn wa.me/ ẹ fi 234 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ yọ òdo iwájú nọ́ńbà kúrò. Bí òdo yẹn bá wà níbẹ̀, líǹkì náà kò ní ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá ní òun á gbé yín dé ipò kìíní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má fún un lówó. Google fúnra rẹ̀ sọ pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ipò kìíní, iṣẹ́ náà sì sábà máa ń gba oṣù 4 sí ọdún 1 kó tó so èso. Owó ìpolówó tí ẹ bá san kò sì lè ti wẹ́bùsáìtì yín gòkè nísàlẹ̀.

Ìpolówó: ibi tí owó ti ń jò

Irú owó tí ẹ bá yàn nígbà tí ẹ ń ṣí àkáǹtì Google Ads, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ra ìpolówó Google, ẹ ò lè yí i padà mọ́. Ẹ yan náírà. Google á fẹ́ fà yín sí ọ̀nà kúkúrú tí òun á ti máa yan ohun gbogbo fún yín. Bí ẹ bá rí Expert mode, ẹ yàn án, kí ẹ sì mú Search, ìyẹn ìpolówó tó ń jáde nígbà tí èèyàn bá ń wá nǹkan lórí Google.

Ẹ máa bá àwọn àpótí tí wọ́n ti fi àmì sí sílẹ̀ dè yín. Display Network ń gbé ìpolówó lọ sínú wẹ́bùsáìtì àti géèmù, síwájú ẹni tí kò wá inverter. Ẹ yọ ọ́. Ẹ yọ Search Partners náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn àwọn wẹ́bùsáìtì mìíràn tó ń gbé ìpolówó Search Google. Lábẹ́ Location options, ohun tí wọ́n ti yàn dè yín ni kí ìpolówó máa han ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ àti ẹni tó kàn ní ìfẹ́ sí Àkúrẹ́. Ẹ yí i sí Presence, kó lè jẹ́ ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá ń tà fún àwọn ọmọ tó wà ní òkè òkun tí wọ́n ń ra sólà fún òbí nílé, ọjà gidi nìyẹn, àmọ́ ẹ ya ìpolówó tiwọn sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ lásán, broad match ni Google ń kà á sí, ohunkóhun tó bá rò pé ó jọ ọ́ ló máa fi mú yín. Tí ẹ bá fi àmì ọ̀rọ̀ yí i ká, bíi "inverter battery price", ó di phrase match: ìbéèrè tó bá ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú ló máa gbé ìpolówó yín jáde. Tí ẹ bá fi àkámọ́ onígun yí i ká, bíi [inverter battery price], ó di exact match: ìbéèrè tó bá ní ìtumọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ nìkan ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú phrase àti exact, bíi 10 sí 15. Ẹ má sì so "akure" mọ́ gbogbo rẹ̀. Àkúrẹ́ kò tóbi bí Èkó, Google á kọ Low search volume (ẹni tó ń wá a kò pọ̀) sí púpọ̀ nínú wọn, ìpolówó kò sì ní jáde. Radius yín ti mú ẹni tó wà nítòsí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ṣí Search terms. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀ gan-an wà, tó sì lè yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ẹ kọ. Irú ohun tí ẹ máa rí nìyí: "how to repair inverter battery", "inverter battery price in Lagos", "inverter battery water", "solar installer job", "car battery". Kò sí oníbàárà yín nínú wọn, bẹ́ẹ̀ lẹ sanwó fún títẹ̀ wọn. Ẹ kọ "how to", "lagos", "water", "job" àti "car" sínú Negative keywords, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ kò fẹ́ kí ìpolówó yín jáde fún. "Repair" ńkọ́? Bí ẹ bá ń ṣe àtúnṣe, ẹ fi í sílẹ̀, kí ó lọ sí ojú ewé àtúnṣe. Bí ẹ kì í bá ṣe é, ẹ yọ ọ́. Ẹ máa ṣe èyí ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta fún oṣù kan, lẹ́yìn náà ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Bí ẹ ò bá ní ráyè ṣe ohun mìíràn nínú àkáǹtì náà, ẹ ṣe èyí.

Àkọlé ìpolówó lè tó 15, lẹ́tà 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan; àlàyé lè tó 4, lẹ́tà 90. Ẹ fi orúkọ ọjà, ìlú àti iye owó sínú rẹ̀. Ẹ má máa wá ìpolówó ara yín lórí Google kiri. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, owó yín lẹ ń ná. Bí ẹ ò bá sì tẹ̀ ẹ́, ẹ ń kọ́ Google pé kò wúlò. Ad Preview and Diagnosis, irinṣẹ́ inú Google Ads, wà fún ìyẹn.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì ojúmọ́ máa ń da àwọn èèyàn lọ́kàn rú. Bí ẹ bá kọ ₦4,000, Google lè ná tó ₦8,000 lọ́jọ́ kan, kó sì dín in kù lọ́jọ́ mìíràn. Lóṣù, kò ní ju ìlọ́po 30.4 lọ, ìyẹn ₦121,600. Ẹ fi Ad schedule sí wákàtí tí ẹnì kan lè gbé fóònù. Láti bẹ̀rẹ̀, ẹ yan Maximize clicks, ìyẹn kí Google wá títẹ̀ tó pọ̀ jù fún owó yín, kí ẹ sì fi òdiwọ̀n sí iye tó ga jù tí ẹ lè san fún títẹ̀ kan.

Títẹ̀ kọ́ ni títà. Ẹ jẹ́ kí Google máa ka ẹni tó tẹ nọ́ńbà tàbí WhatsApp yín bíi Conversion, ìyẹn ohun tí ẹ fẹ́ kí oníbàárà ṣe lẹ́yìn tó bá tẹ ìpolówó. Kí ẹ sì gbé ìwé kékeré kan sórí káńtà, kí ẹni tó ń tajà máa kọ ọjọ́, ohun tí oníbàárà rà, àti ibi tó ti gbọ́ nípa yín. Ká ní títẹ̀ kan jẹ́ ₦120, tí èèyàn 40 tẹ̀ ẹ́, tí ẹnì kan ṣoṣo sì rà nínú wọn: ₦4,800 lẹ fi rí oníbàárà kan. Bí èrè orí bátìrì bá jẹ́ ₦15,000, ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá jẹ́ wáyà àti súwíìṣì lẹ ń tà, tí èrè rẹ̀ jẹ́ ₦800, irú ìpolówó yìí kò bá ọjà yín mu; máàpù ni kí ẹ gbájú mọ́.

Bí bátìrì bá tán ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ dá ìpolówó rẹ̀ dúró lọ́jọ́ náà gan-an. Pause ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má tẹ Remove, torí èyí tí ẹ bá ti yọ báyẹn, ẹ ò ní lè dá a padà mọ́ nígbà tí ọjà tuntun bá dé.