Jẹnẹrétọ̀ Tó Ti Ń Jókòó Látọjọ́ Yìí Kò Fẹ́ Dáhùn? Ẹ Gbóòórùn Fúẹ́lì Inú Ẹ̀ Ná

Oṣù mẹ́rin ni jẹnẹrétọ̀ wa fi wà ní kọ̀rọ̀ torí iná ń wá dáadáa, alẹ́ ọjọ́ tí iná wá lọ a fa okùn títí apá fi ń ro wá, kò dáhùn, a ra pílọ́ọ̀gì tuntun, pàbó, àṣé fúẹ́lì inú ẹ̀ ló ti bàjẹ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ ṣí táǹkì kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀.

Èyí tó fúyẹ́ nínú fúẹ́lì, tó máa ń tètè gbiná, ló máa ń kọ́kọ́ fẹ́ lọ, ìyókù á wá máa ki, á máa lẹ̀ bí àtè. Òórùn ẹ̀ á kan bíi fáníìṣì, àwọ̀ ẹ̀ á ti pọ́n. Tó bá ti tó bí oṣù mẹ́ta ẹ ti lè máa fura, ooru tiwa níbí sì tún ń jẹ́ kó yá, àgàgà tí ìdérí ò bá le.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ti bàjẹ́, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti dà á jáde o, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kò gbọ́dọ̀ síná nítòsí. Ẹ yọ rọ́bà tó ń gbé fúẹ́lì lọ sí kábúrétọ̀, ìyẹn ibi tí fúẹ́lì ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ da gbogbo ẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má sì da tuntun lé e lórí.

Kábúrétọ̀ niṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ àwọn jẹnẹrétọ̀ kékeré 2.5 kVA yìí, sípánnà 10 ló ń tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ̀, ife kékeré kan á já bọ́, ẹ ṣọ́ rọ́bà róbótó tó wà létí ẹ̀ kó má já. Ẹ nu ìdọ̀tí inú ife yẹn, ẹ wá fi sukurudíráfà tú jẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín, ìyẹn irin kékeré oníhò tí fúẹ́lì ń gbà kọjá. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá rí ihò ẹ̀ já, ibẹ̀ ló dí. Ẹ rẹ ẹ́ sínú fúẹ́lì tuntun díẹ̀, kẹ́ ẹ fa ẹyọ wáyà kan tín-ín-rín yọ kẹ́ ẹ fi tọ́ ọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lo abẹ́rẹ́, torí tí ihò yẹn bá fi lè fẹ̀ báyìí, á máa mu fúẹ́lì nímukúmu, á máa tú èéfín dúdú.

Ẹ yẹ ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì wò pẹ̀lú. Tó bá ti kún ju tẹ́lẹ̀ lọ tó sì ń rùn bíi fúẹ́lì, fúẹ́lì ti jò sínú ẹ̀ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fa okùn. Tẹ́ ẹ bá ti tò ó padà, lítà kan fúẹ́lì tuntun ti tó, ẹ ti ṣóòkù, ìyẹn ọwọ́ kékeré tó ń dín afẹ́fẹ́ kù, kẹ́ ẹ wá fa okùn.

Èyí tẹ́ ẹ dà jáde ńkọ́? Láyé yín, ẹ ò gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ kẹrosíìnì, ẹ má dà á sí sítóòfù tàbí àtùpà, ilé odindi lè jóná mọ́ èèyàn lórí. Ẹ má dà á sí gọ́tà náà. Ẹ gbé e fún mẹkáníìkì tó máa ń fi fọ irin.

Lọ́jọ́ míì tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lò ó fúngbà díẹ̀, ẹ fa fúẹ́lì táǹkì kúrò, ẹ wá tan jẹnẹrétọ̀ yẹn kó jó ìwọ̀nba tó kù nínú kábúrétọ̀ títí táá fi kú fúnra ẹ̀.