Bí mo ṣe ya ọ̀wọ́n kúrò lára iye owó: ọjà ohun idán nínú eré D&D

Tí Yorùbá bá ní nǹkan wọ́n, ohun méjì ló sọ pa pọ̀: nǹkan náà ṣòroó rí, owó rẹ̀ sì ga. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Dungeon Master's Guide ti ọdún 2014, ìwé òfin fún olùdarí eré Dungeons & Dragons (D&D, eré orí tábìlì tí àwọn òṣèré ti ń ṣe akọni, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀), ṣe mú ohun idán. Ìsọ̀rí márùn-ún ló pín wọn sí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣọ̀wọ́n tó, ó sì gbé owó lé ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan: common (èyí tó wọ́pọ̀ jù), owó wúrà 50 sí 100, uncommon, 101 sí 500, rare, 501 sí 5,000, very rare, 5,001 sí 50,000, legendary (èyí tó ṣọ̀wọ́n jù nínú wọn), ohunkóhun tó bá ti ju 50,000 lọ. Iṣẹ́ tí mo ṣe ni pé mo tú ọ̀rọ̀ méjèèjì ká. Ohun tí nǹkan ń ṣe ni mo fi díyelé e. Ìlú tí ọjà wà ni mo jẹ́ kó sọ bóyá a máa rí i rà. Akọni mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìpele 5 (ìpele ló ń fi bí agbára akọni ṣe ga tó hàn) ni mo ṣe é fún. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ń nájà: abúlé tó ní èèyàn bí 600, ìlú tó ní 4,000, àti ìlú ńlá tó ní 20,000.

Owó àpò wọn ni mo kọ́kọ́ kà. Láìmọ iye tó ń wọlé fún oníbàárà, kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá 500 pọ̀ tàbí ó kéré. Nínú ìwé 2014 yẹn, òkìtì ìṣúra kan fún ìpele 5 sí 10 ní fàdákà tí a fi dáìsì olójú 6 méjì ta, tí a sọ di ìlọ́po 1,000; wúrà jẹ́ dáìsì mẹ́fà ní ìlọ́po 100; plátínọ́ọ̀mù jẹ́ mẹ́ta ní ìlọ́po 10; bàbà díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Mo mú ìpíndọ́gba dáìsì wọ̀nyí, mo sọ gbogbo rẹ̀ di wúrà, ó jẹ́ 3,857. Ìwé náà ní kí á retí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ 18 láàárín àwọn ìpele yẹn. Ìyẹn jẹ́ 69,426. Tí ẹni mẹ́rin bá pín in, ó ju 17,300 lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bíi 2,900 ní ìpele kan. Mi ò ka òkúta iyebíye àti iṣẹ́ ọnà mọ́ ọn. Ní ìpele 1 sí 4 ńkọ́? Òkìtì 7 péré, 196 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ẹnì kan látòkèdélẹ̀ jẹ́ 343.

Mo kọ 2,900 gàdàgbà sí orí ìwé mi, òun ni mo sì fi ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tó bá ń ran akọni lọ́wọ́ nínú gbogbo ìjà gbọ́dọ̀ gba ìdajì owó ìpele kan ó kéré tán. Ohun tó kàn mú ìrìn àjò rọrùn kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ, ìyẹn 725.

Kí n tó kọ owó kankan, mo wá àwọn ibi tí ìsọ̀rí ti ń tan èèyàn jẹ, mo sì rí wọn lọ́pọ̀. Cloak of Protection (aṣọ ààbò) àti Ring of Protection (òrùka ààbò) ń ṣe iṣẹ́ kan náà gan-an: +1 sí Armor Class (bó ṣe ṣòro tó láti gbá akọni), +1 sí saving throw (dáìsì tí akọni ń ta láti yẹ ewu), àwọn méjèèjì sì ń gba attunement (akọni gbọ́dọ̀ so ara rẹ̀ mọ́ ohun náà kó tó ṣiṣẹ́ fún un). Síbẹ̀ uncommon ni aṣọ, rare ni òrùka. Xanathar's Guide to Everything ti 2017, ìwé àfikún òfin eré náà, fi 400 ṣe ìpìlẹ̀ owó uncommon, 4,000 fún rare, 40,000 fún very rare, ó sì ní kí á dá owó ohun àlòtán (èyí tó ń tán tí a bá ti lò ó) sí méjì. Nítorí náà òrùka di ìlọ́po mẹ́wàá aṣọ lórí iṣẹ́ kan náà. Èyí tó burú jù ni ti fífò. Broom of Flying (ìgbálẹ̀ tó ń fò) jẹ́ uncommon, kò gba attunement, kò sì sí iye wákàtí tí wọ́n dá fún un: 400. Potion of Flying, ìgò oògùn fífò tí agbára rẹ̀ ń tán lẹ́yìn wákàtí kan, jẹ́ very rare: ìdajì 40,000, ìyẹn 20,000. Owó ìgò kan ra ìgbálẹ̀ 50! Olùdarí eré tó bá da owó ìsọ̀rí yìí kọ bó ṣe wà máa rí gbogbo akọni rẹ̀ lókè lójú sánmà kí wọ́n tó pé ìpele 6, kòtò, odò àti odi ìlú ò sì ní já mọ́ nǹkan kan mọ́ nínú eré rẹ̀.

Bí mo ṣe wá kọ ọ́ nìyí. Aṣọ àti òrùka ààbò yẹn, 2,500 ni mo fún àwọn méjèèjì. Broom of Flying, 7,000. Potion of Flying, 400. Gauntlets of Ogre Power, ìbọ̀wọ́ tó ń sọ Strength (agbára ara) di 19, mo fún un ní 3,500. Jagunjagun tó ti ní 18 ò ní rí èrè púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní 8 ti di ẹlòmíràn, ẹni yẹn ni mo sì díyelé e fún. Bag of Holding (àpò tó ń gba ẹrù ju bó ṣe rí lọ), 500. Decanter of Endless Water (ìgò tí omi rẹ̀ kì í tán), 300.

Ohun ìjà tó ní àfikún, mo lo ọgbọ́n ẹ̀dà kẹta D&D, èyí tó jáde ní ọdún 2000. Wọ́n máa ń sọ àfikún di ìlọ́po ara rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ìlọ́po 2,000. Ìdí rẹ̀ dára: àfikún ń ran ìkọlù lọ́wọ́, ó tún ń ran ìpalára lọ́wọ́, ọ̀kan sì ń sọ èkejì di púpọ̀. Mo gba ọgbọ́n náà ṣùgbọ́n mo lo 1,500 dípò 2,000. Nítorí náà +1 jẹ́ 1,500, +2 jẹ́ 6,000, +3 jẹ́ 13,500. Ẹ má ṣe fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ díyelé gbogbo nǹkan o. Nínú ẹ̀dà kẹta kan náà, ohun tó ń fúnni ní ọfọ̀ tí kì í tán jẹ́ ìpele ọfọ̀, lọ́nà ìpele ẹni tó pè é, lọ́nà 2,000. Ẹ fi True Strike, ọfọ̀ ìpele 1, sí i: 1 lọ́nà 1 lọ́nà 2,000. Wúrà 2,000 fún +20 lórí ìkọlù! Ìṣirò wúlò níbi tí nǹkan bá ti ń lọ ní ìdọ́gba. Níbi tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, ojú inú ni kí ẹ lò.

Oògùn ìwòsàn rọrùn láti wọ̀n, nítorí hit point (òṣùwọ̀n ẹ̀mí akọni) ṣeé kà. Potion of Healing jẹ́ 50, ó ń dá bíi 7 padà. Nínú àwọn tó lágbára jù ú lọ, Greater ń dá 14 padà, Superior 28, Supreme 45. Mo kọ 130, 360 àti 900 fún àwọn mẹ́ta yìí. Ẹ ó rí i pé owó hit point kan ń lọ sókè, láti nǹkan bíi 7 dé 20. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ìgò kan ni akọni ń mu lẹ́ẹ̀kan. Ìgò ńlá ń fi àkókò pamọ́ fún un lójú ìjà. Tí ẹ bá jẹ́ kí owó náà dọ́gba, kò sẹ́ni tó máa ra ìgò kékeré mọ́.

Spell Scroll (ìwé ọfọ̀) ló gba ìrònú jù. Xanathar's ní kíkọ ìwé ọfọ̀ ìpele 3 ń ná ni ní 500, ṣùgbọ́n uncommon ni, ohun àlòtán sì ni, nítorí náà ìpìlẹ̀ owó rẹ̀ nígbà títà jẹ́ 200. Ta ló máa kọ ọ́? Dungeon Master's Guide ti 2024 tún èyí ṣe: iye ìwé ọfọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì owó tí wọ́n fi kọ ọ́, owó ìkọ náà sì ti wálẹ̀. Èyí ni mo mú: 50 fún ìpele 1, 200 fún ìpele 2, 300 fún ìpele 3.

Lẹ́yìn èyí mo yẹ rírà àti títà wò, ibẹ̀ ni mo ti bá ihò tó tóbi jù. Nínú Xanathar's, ẹni tó fẹ́ ra nǹkan máa ná ọ̀sẹ̀ kan àti wúrà 100 kó fi wá ọjà. Owó tí ọlọ́jà máa pè fún uncommon jẹ́ dáìsì olójú 6 kan ní ìlọ́po 100, ìpíndọ́gba 350. Ẹni tó fẹ́ tà máa ná ọ̀sẹ̀ kan àti 25. Lórí àyẹ̀wò Persuasion (yíyí ọlọ́jà lọ́kàn padà: dáìsì olójú 20 pẹ̀lú àfikún akọni), 1 sí 10 máa mú ìdajì ìpìlẹ̀ owó wá, 11 sí 20 máa mú gbogbo rẹ̀, 21 lọ sókè máa mú ìlọ́po kan àbọ̀. Ẹ wo bard (akọni olórin) ìpele 5 tó ní Charisma (ìfanimọ́ra) 18 àti expertise (ìmọ̀ àkànṣe): +10 ni àfikún rẹ̀. Dáìsì olójú 20 tiẹ̀ já sí 1, 11 ló ní. Kò lè tà ní ìdajì láé. Ìgbà kan nínú méjì ló máa gba 600 lórí ohun tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 400. Ìpíndọ́gba títà rẹ̀ jẹ́ 500, ti rírà jẹ́ 350, wíwá ọjà lẹ́ẹ̀kan sì lè mú ohun mẹ́rin wá. Ó ti di aláròóbọ̀ nìyẹn, ìrìn àjò ti parí. Ìsọ̀rí rare nìkan ni kò ní ihò yìí, nítorí dáìsì olójú 10 méjì ní ìlọ́po 1,000 máa ń jẹ́ 11,000 nígbà tí ìpìlẹ̀ títà jẹ́ 4,000.

Mo dí i pa pẹ̀lú òfin méjì. Ọlọ́jà kì í ra nǹkan ju ìdajì owó ìwé mi lọ. Nínájà tó yọrí sí rere ń mú ẹ̀dínwó ìdá mẹ́wàá wá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè ná ọjà kan. Mo gba ṣíṣe nǹkan fúnra ẹni láyè ní ìdajì owó ìwé, mo sì fi òfin Xanathar's sílẹ̀ pé èròjà pàtàkì gbọ́dọ̀ wá láti ara ẹ̀dá eléwu: Challenge Rating (òṣùwọ̀n bí ẹ̀dá náà ṣe le tó) 4 sí 8 fún uncommon, 9 sí 12 fún rare. Ẹni tó bá ṣe é láti lò ó fúnra rẹ̀ jèrè. Ẹni tó bá ṣe é láti tà á, ìdajì ló ná, ìdajì ló gbà.

Ó wá ku ọ̀wọ́n gan-an. Ẹ̀dà 3.5, àtúnṣe ẹ̀dà kẹta, ní òpin owó fún ibùgbé gẹ́gẹ́ bí iye èèyàn inú rẹ̀: abúlé 200, ìlú tó ní 2,001 sí 5,000 èèyàn 3,000, ìlú ńlá tó ní 12,001 sí 25,000 èèyàn 40,000. Ohun tó bá ju òpin lọ kò sí lọ́jà. Mo fi ìpín mẹ́ta kún un: ohun tí owó rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́rin òpin lọ, 75% ni wọ́n á fi rí i, èyí tó wà láàárín ìdá mẹ́rin àti ìdajì, 40%, èyí tó ju ìdajì lọ, 15%. Ní ìlú tó ní 4,000 èèyàn ó bọ́ sí i gan-an: Bag of Holding 75%, idà +1 40%, Cloak of Protection 15%. Ní ìlú ńlá ó bàjẹ́. Ìdá mẹ́rin 40,000 jẹ́ 10,000, nítorí náà ìgbálẹ̀ àti idà +2 ti di ohun tí èèyàn ń rí ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́rin. Mo fa òpin rẹ̀ wálẹ̀ sí 15,000. Ìgbálẹ̀ àti idà +2 di 40%, idà +3 di 15%, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ìgbà tí a tún lè ju dáìsì ṣe pàtàkì ju ìdá náà fúnra rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá gbà kí wọ́n máa béèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ohun tó jẹ́ 15% máa di bíi 48% lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 40% sì máa kọjá 78% lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ọ̀wọ́n ti lọ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù eré ni mo fi sí, fún nǹkan kọ̀ọ̀kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò lè dúró lè bẹ alágbàtà ìlú ńlá: àfikún ìdá márùn-ún lórí owó, ìdajì àsansílẹ̀, ọjà dé lẹ́yìn ọjọ́ tí dáìsì olójú 6 mẹ́ta bá mú wá. Oògùn ìwòsàn ò sí lábẹ́ òfin ìdá yìí. Iye ìgò ni mo kà: abúlé, dáìsì olójú 4 kan lọ́sẹ̀, ìlú, dáìsì olójú 6 méjì, pẹ̀lú Greater tí dáìsì olójú 4 kan bá sọ, ìlú ńlá, ohun tí wọ́n bá fẹ́, yàtọ̀ sí Supreme, tó jẹ́ ìgò kan lóṣù.

Owó ọlọ́jà náà ní òpin. Iye tí ìlú lè fi ra ẹrù lọ́wọ́ àwọn akọni lọ́sẹ̀ kan bá òpin ìlú náà dọ́gba: 200, 3,000, 15,000. Láìsí èyí, abúlé tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń fi ewúrẹ́ san gbèsè máa ra ẹ̀wù irin mẹ́wàá lọ́wọ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Legendary àti artifact (ohun idán tó ju ìsọ̀rí márààrún lọ), mi ò kọ owó kankan síwájú wọn nínú ìwé náà. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè wọn lọ́jà, ọlọ́jà á dárúkọ ẹni tó ní i lọ́wọ́ àti ilé tó ń gbé.